Àkọsẹ̀bá Tó Gbára Lé Àkọsẹ̀bá: Ohun Tí À Ń Gbọ́ Nínú Sẹ́mínà Ìṣeéṣe

Ẹ kú ìjókòó o. Mo kí ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà níwájú, mo kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo sì kí ẹ̀yin tí ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ yín ṣùgbọ́n tí ẹ wá síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Nínú ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wákàtí kan máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún sẹ́mínà lórí ìṣeéṣe, ìyẹn ìmọ̀ tó ń wọn bí ohun kan ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó. Àlejò kan á dúró níwájú pátákó, á mú ṣọ́ọ̀kì, á sì fi wákàtí yẹn ṣàlàyé ohun tó ti ń bá wọ̀yá ìjà láti ọdún méjì, mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣèèṣì yà wọlé lè rò pé èdè àjèjì ni wọ́n ń sọ. Á rí àwòrán àwọ̀n, á rí ìlà tó ń ta kókó kiri bí òwú tí ọmọdé tú. Nígbà tí àlejò bá kọ ìlà kan báyìí, á gbọ́ tí gbogbo yàrá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ ohun tó fà á. Èmi náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí, tí mò ń kọ ohun tí kò yé mi sínú ìwé, pẹ̀lú ìrètí pé yóò yé mi bó bá dọ̀la.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Àkọsẹ̀bá tó dá dúró gedegbe, irú èyí tó wà nínú owó ẹyọ tàbí dáìsì, àwọn tó ṣáájú wa ti mọ ìwà rẹ̀ láti nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn. Èyí tó ṣì ń yọ wá lẹ́nu, tó ń kó wa jọ sínú yàrá yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni àkọsẹ̀bá tó gbára lé àkọsẹ̀bá mìíràn: ohun kan ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, ó sì yí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún padà. Bí ẹ bá di ìyàtọ̀ yìí mú dáadáa, púpọ̀ nínú ohun tí àlejò bá sọ níwájú pátákó kò ní bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1654, Blaise Pascal àti Pierre de Fermat, ọmọ Faransé làwọn méjèèjì, ń kọ lẹ́tà síra wọn lórí eré owó. Ẹni méjì ń ta ayò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló máa kó owó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan fi 32 pistole, owó wúrà ayé ìgbà náà, sílẹ̀, owó ilẹ̀ wá jẹ́ 64. Ẹnì kan ti jẹ lẹ́ẹ̀mejì, èkejì ti jẹ lẹ́ẹ̀kan, ni nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí eré kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Báwo ni kí wọ́n ṣe pín owó ilẹ̀? Luca Pacioli ti fi irú ìbéèrè yìí sínú ìwé rẹ̀ ní 1494, ẹ̀yìn ló sì wò: ìwọ jẹ méjì, èmi jẹ ọ̀kan, ká pín in ní méjì sí ọ̀kan. Pascal ní rárá, iwájú ni kí a wò. Ká ní wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹni tó ń ṣíwájú bá jẹ, 64 di tirẹ̀. Bí kò bá jẹ, wọ́n di ọgbọọgba, á gba 32. Èyí túmọ̀ sí pé ibi yòówù kí ayò forí sọ, 32 ti di tirẹ̀ ná. 32 tó kù nìkan ló wà láàárín wọn, kí wọ́n sì dá a sí méjì. Ọ̀kan á gba 48, èkejì á gba 16.

Mo máa ń lo àpẹẹrẹ yìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé Pascal kò sọ ẹni tó máa jẹ. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Ó kàn wọn ohun tí kò mọ̀ náà, ó sì fi iye kan lé e lórí. Iṣẹ́ tí gbogbo wa ń ṣe títí dòní nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni Jacob Bernoulli dé, ní Switzerland. Ó ní ogún ọdún ni òun fi ro ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó kú ní 1705, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1713. Ìbéèrè náà rọrùn lẹ́nu: gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí a bá ju owó ẹyọ lọ́pọ̀ ìgbà, ìpín ìgbà tí orí bá jáde á súnmọ́ ìdajì. Bernoulli fẹ́ ẹ̀rí. Ó tún fẹ́ mọ ìgbà mélòó ni "ọ̀pọ̀ ìgbà" yẹn jẹ́. Ó mú àpẹẹrẹ òkúta funfun àti dúdú nínú ìkòkò kan, funfun mẹ́ta sí dúdú méjì, a ń mú ọ̀kan, a ń wò ó, a ń dá a padà. Ó ṣírò rẹ̀ pé bí a bá mú òkúta ní ìgbà 25,550, ìṣeéṣe pé ìpín funfun tí a rí yóò bọ́ sáàárín 29/50 àti 31/50 ju òdìkejì rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 1,000 ó kéré tán. Lónìí a mọ̀ pé iye tó kéré sí i tó. Síbẹ̀, ẹ wo ìgboyà ọkùnrin yìí, tó gbé ohun tí kò ní ìdánilójú, tó sì fi nọ́ńbà sọ bí a ṣe lè súnmọ́ ìdánilójú tó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí òfin Bernoulli yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì lóye. Ẹnì kan ju owó ẹyọ, orí jáde lẹ́ẹ̀mẹfà léra. Àwọn tó dúró tì í á ní ẹ̀yìn ló kàn, pé ó gbọ́dọ̀ jáde kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba. Owó ẹyọ kò ní ọpọlọ tí yóò fi rántí. Abraham de Moivre fi hàn ní 1733 bí iye náà ṣe ń yà kúrò ní ìdajì. Bí a bá ju owó ní ìgbà 100, orí 50 ni à ń retí, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá jẹ́ 45 tàbí 55. Bí a bá jù ú ní ìgbà 10,000, orí 5,000 ni à ń retí, àmọ́ 4,950 tàbí 5,050 wọ́pọ̀. Ṣé ẹ rí i? Àṣìtàn náà, ìyẹn bí iye tí a rí ṣe yà sí èyí tí à ń retí, lé láti 5 di 50, kò dín kù rárá. Ṣùgbọ́n 5 nínú 100 jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí 50 nínú 10,000 jẹ́ ìdajì ìdá kan péré. Àkọsẹ̀bá kì í san gbèsè. Bí jíjù ṣe ń pọ̀ sí i ló ń bo gbèsè náà mọ́lẹ̀.

Ìlọ́po yìí, pé bí jíjù bá pọ̀ ní ìlọ́po 100, àṣìtàn á pọ̀ ní ìlọ́po 10, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn. Nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fún wa ní 100 ni 10. Gbòǹgbò 100 la máa pè é. A máa tún pàdé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rí tí wọ́n rí fún òfin Bernoulli láti ìgbà náà ló dúró lórí ohun kan: jíjù kọ̀ọ̀kan kò gbára lé èkejì. Ní 1902, onímọ̀ ìṣirò kan ní Rọ́ṣíà, Pavel Nekrasov, wá sọ pé àìgbáralé yìí jẹ́ dandan, pé níbi tí òfin náà bá ti ṣiṣẹ́, ó ní láti jẹ́ pé àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ibẹ̀ kò gbára lé ara wọn. Ó tún lọ síwájú. Ó ní níwọ̀n bí iye ìgbéyàwó àti ìwà ọ̀daràn ti ń tẹ̀ lé òfin yìí lọ́dọọdún, a jẹ́ pé ìfẹ́ inú ọmọ ènìyàn wà lómìnira. Ọ̀rọ̀ yìí bí Andrei Markov, onímọ̀ ìṣirò mìíràn ní Rọ́ṣíà, nínú gan-an. Ní 1906 ó gbé èsì jáde: ó to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, tí ọ̀kan gbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rí hàn pé òfin Bernoulli ṣì dúró. Àìgbáralé kì í ṣe dandan.

Bí a ṣe rí ẹ̀wọ̀n Markov nìyẹn. Ìwà rẹ̀ kò ju èyí lọ: ibi tí a wà báyìí nìkan ló ń pinnu ibi tó ṣeé ṣe ká lọ, ọ̀nà tí a gbà débẹ̀ kò kàn án mọ́.

Ní 1913, Markov mú ìwé ewì Pushkin, akéwì ọmọ Rọ́ṣíà, tó ń jẹ́ Eugene Onegin, ó ka lẹ́tà 20,000 nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ló sì fi kà á. Fáwẹ́lì jẹ́ 8,638, kọ́ńsónáǹtì jẹ́ 11,362. Bí lẹ́tà kò bá gbára lé ara wọn, ibi tí fáwẹ́lì ti tẹ̀ lé fáwẹ́lì yẹ kó tó nǹkan bí 3,700. Ohun tó rí ni 1,104. Lẹ́yìn fáwẹ́lì, ìṣeéṣe pé fáwẹ́lì mìíràn ló máa tẹ̀ lé e kò ju 0.128 lọ, lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì, ó di 0.663. Lẹ́tà kan mọ lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìpín fáwẹ́lì nínú gbogbo ìwé náà sì dúró ṣinṣin síbẹ̀.

Mo ti máa ń rò ó pé àwa tí a ń sọ èdè Yorùbá ni ó yẹ kí èyí yé jù. Ẹ gbé gbólóhùn Yorùbá èyíkéyìí. Bí ẹ bá ka gb sí ẹyọ kan, tí ẹ sì yọ n tó ń gbé ìró gba imú sílẹ̀, lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ́lì ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Kò sí àyàn mìíràn. Ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 1. Lẹ́yìn fáwẹ́lì ni ọ̀nà tó pín sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀wọ̀n Markov jẹ́, kó ka ojú ìwé kan nínú èdè abínibí rẹ̀ bí Markov ṣe ka ti Pushkin, yóò yé e ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Google pàápàá, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, orí irú ẹ̀wọ̀n yìí ni ètò tó fi ń to ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé: ẹnì kan tó ń tẹ líǹkì kiri láìní ibi tó ń lọ, ojú ìwé tó bá sì ti wọ́pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kà sí pàtàkì.

Ní 1933, Andrei Kolmogorov kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní èdè Jámánì, ó sì fi ìpìlẹ̀ tí gbogbo wa dúró lé lélẹ̀: ìṣeéṣe kì í dín ní òdo, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1, ti àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò lè ṣẹlẹ̀ pọ̀ sì ṣeé rò pọ̀. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́mínà kan kò lè wáyé láìsí i. Kìkì pé Kolmogorov fúnra rẹ̀ sọ níbẹ̀ pé inú ọ̀rọ̀ àìgbáralé ni ìmọ̀ ìṣeéṣe ti rí ìwà tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀ka ìṣirò tó kù.

Ẹ wá jẹ́ ká rìn díẹ̀.

George Pólya, onímọ̀ ìṣirò, ń gbé ní Zurich ní Switzerland, ó sì fẹ́ràn láti máa rìn nínú igbó tó wà nítòsí. Lọ́jọ́ kan, ó pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níbẹ̀. Ó kí wọn, ó kọjá. Ó rìn díẹ̀, ó tún pàdé wọn. Ó yà sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n tún ṣe kòńgẹ́. Ojú tì í. Ó bẹ̀rù kí wọ́n má rò pé ṣe ni òun ń ṣọ́ wọn. Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè: bí ènìyàn bá ń rìn láìní ibi tó ń lọ, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó kó tún padà sí ibi tó ti wà rí?

Èsì rẹ̀ jáde ní 1921, n kò sì mọ ẹ̀rí mìíràn nínú ìmọ̀ yìí tí mo fẹ́ràn tó o. Ẹ fojú inú wo arìnrìn-àjò kan tó ń fi àkọsẹ̀bá yan ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lórí ìlà, ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí ojú ọ̀nà rẹ̀ rí bí àwọ̀n, ọ̀nà mẹ́rin. Nínú òfuurufú, mẹ́fà, torí òkè àti ìsàlẹ̀ ti kún un. Ṣé yóò padà dé ilé?

Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 100, gbòǹgbò 100 ni nǹkan bí ìwọ̀n ibi tí ó lè jìnnà dé, ìyẹn 10. Ohun tí de Moivre rí nínú owó ẹyọ náà ló tún yọjú yìí. Lórí ìlà, ibi tó wà láàárín ìwọ̀n yẹn kò ju bí mẹ́wàá mẹ́wàá lọ, nítorí náà ìṣeéṣe pé ilé ló wà ní àkókò náà tó nǹkan bí 1/10. Lórí ilẹ̀, ibi tó ṣeé wà jẹ́ 10 lọ́nà 10, ìṣeéṣe náà á di bí 1/100. Nínú òfuurufú, 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10, ó di bí 1/1,000. Ìṣirò eréfèé ni èyí o, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Ẹ wá ro gbogbo ìṣeéṣe yẹn pọ̀ fún gbogbo ìgbésẹ̀ tó lè gbé, títí ayé. Ti ilẹ̀ títẹ́jú ló dùn jù. 1, a fi 1/2 kún un, a fi 1/3 àti 1/4 kún un. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí pọ̀ ju ìdajì lọ. Láti 1/5 dé 1/8, mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n tún ju ìdajì lọ. Láti 1/9 dé 1/16, ìdajì mìíràn àti jù bẹ́ẹ̀. Ìdajì kò tán. Àpapọ̀ náà ń dàgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òkè tí kò lè gùn. Èyí ló mú kí arìnrìn-àjò orí ilẹ̀ padà dé ilé láìṣe àní-àní, àti ti orí ìlà pẹ̀lú. Nínú òfuurufú, àwọn ìdá náà ń kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àpapọ̀ wọn, bó ti wù kó pẹ́ tó, kò lè kọjá iye kan. Ó ṣeé ṣe kí arìnrìn-àjò náà lọ kó má padà mọ́. Ìṣeéṣe pé yóò padà jẹ́ nǹkan bí 34 nínú 100. Láti ilẹ̀ sí òfuurufú, ọ̀nà méjì péré la fi kún un, ìdánilójú sì pòórá.

Ó ní ohun kan tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, ó sì yẹ kó yà wọ́n lẹ́nu. Arìnrìn-àjò orí ilẹ̀ yóò padà dájúdájú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n ṣírò àkókò tí yóò gbà ní ìpíndọ́gba, kò ní iye, kò lópin. Ó dájú pé yóò dé, kò sì sí ọjọ́ tí ẹ lè dá fún un.

Bí a bá mú kí ìgbésẹ̀ yìí kéré títí tí ojú kò fi rí i mọ́, tí a sì mú kó yára bákan náà, a ó dé ibi tí Robert Brown ti rí àwọn ẹ̀rún tó ń ta gìrìgìrì lójú omi ní 1827, tí Einstein ṣàlàyé ní 1905 pé àwọn èérún omi fúnra wọn ló ń tì wọ́n kiri, tí Norbert Wiener sì fi ìṣirò gidi sí nídìí ní 1923. Ní Jàpáánì, Kiyosi Itô wá rí ọ̀nà láti ṣe ìṣirò lórí irú ọ̀nà wíwọ́ bẹ́ẹ̀, ó gbé e jáde ní 1944. Ó yẹ kí n dárúkọ ẹnì kan síbí.

Wolfgang Doeblin ni wọ́n bí ní Berlin ní 1915. Àwọn ẹbí rẹ̀ sá kúrò ní Jámánì nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ó sì di ọmọ Faransé. Ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Paris nígbà tó wà ní ẹni ọdún 23, orí ẹ̀wọ̀n Markov ló sì ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ogun dé, wọ́n mú un sínú ọmọ ogun Faransé, wọ́n sì fi í sídìí tẹlifóònù. Lóru, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti sùn, ó ń kọ ìṣirò sínú ìwé àjákọ. Ní oṣù Èrèlé 1940, ó fi ìwé náà sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fi ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Faransé (Académie des sciences) ní Paris kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ní June 21, ọdún yẹn kan náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ká a mọ́, ó pa ara rẹ̀. Wọn kò ṣí àpòòwé náà títí di ọdún 2000. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti fara pẹ́ èyí tí Itô wá rí lẹ́yìn rẹ̀, ní àwọn ibì kan ó tún ti gba ọ̀nà tí ẹlòmíràn kò rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni ọdún 25 ni. Mi ò tíì ka ìtàn yìí rí kó má dùn mí.

Ó wá kù ohun tí ẹ máa gbọ́ jù bí ẹ bá wọ sẹ́mínà ìṣeéṣe lónìí: bí omi ṣe ń gba inú òkúta kọjá.

Simon Broadbent ń ronú nípa ìbòjú tí àwọn awakùsà èédú ń lò kí wọ́n má fa èéfín símú. Ohun tó wà nínú ìbòjú náà kún fún ihò wẹ́wẹ́. Àwọn kan ṣí, àwọn kan dí. Ìgbà wo ni afẹ́fẹ́ lè là á kọjá? Òun àti John Hammersley sọ ọ́ di ìṣirò ní 1957. Ẹ wo àwọ̀n kan tí kò lópin. Fún okùn kọ̀ọ̀kan láàárín kókó méjì, a ju owó tó ṣeé ṣe kó gbè sápá kan: pẹ̀lú ìṣeéṣe p okùn náà jẹ́ ọ̀nà tó ṣí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó dí. Jíjù kọ̀ọ̀kan kò gbára lé èkejì. Ǹjẹ́ ọ̀nà tó ṣí kan wà tó lọ títí láìlópin?

Ẹ wò ó dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Owó tí a ń jù níbẹ̀ rọrùn bíi ti Bernoulli; kò sí èyí tó mọ ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń béèrè, pé ta ló so mọ́ ta, kò dá dúró mọ́ rárá. Okùn kan ṣoṣo tó ṣí lójijì lè so àdúgbò ńlá méjì pọ̀ di ọ̀kan. Kí ó dí, wọ́n tún pínyà. Inú àìgbáralé fúnra rẹ̀ ni ìgbáralé ti hù jáde. Ó sì ń hù jáde lẹ́ẹ̀kan náà: nígbà tí p bá wà nísàlẹ̀ ààlà kan, kò sí ọ̀nà àìlópin kankan, bó bá ti kọjá ààlà náà bó ti wù kó kéré tó, ó wà, kò tún sí iyèméjì lórí rẹ̀.

Níbo ni ààlà náà wà fún àwọ̀n onígun mẹ́rin lórí ilẹ̀ títẹ́jú? Ìdajì ni, gẹ́lẹ́. Ọ̀nà láti rí i pé ó yẹ kó jẹ́ ìdajì rẹwà. Ẹ ya àwọ̀n kejì sórí ti àkọ́kọ́, kí kókó rẹ̀ wà láàárín ojú àwọ̀n àkọ́kọ́, bí òjìji rẹ̀. Okùn òjìji kọ̀ọ̀kan á gé okùn gidi kan kọjá. Níbi tí okùn gidi bá ti dí, a ó ka ti òjìji sí ògiri. Ẹ wá gé àpótí kan jáde. Bóyá omi kọjá láti òsì sí ọ̀tún, tàbí ògiri kan wà láti òkè dé ìsàlẹ̀ tó dínà mọ́ ọn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ, méjèèjì kò sì lè ṣẹ pọ̀. Bí p bá jẹ́ ìdajì, omi àti ògiri ní agbára kan náà, tí a bá sì gé àpótí náà bó ṣe yẹ, ìṣeéṣe pé omi kọjá jẹ́ ìdajì gẹ́lẹ́, bó ti wù kí àpótí náà tóbi tó. Ṣùgbọ́n ó jìnnà láti "ó yẹ kó jẹ́" dé ẹ̀rí. Ní 1960, Theodore Harris fi hàn pé ní ìdajì gan-an, kò sí ọ̀nà àìlópin. Ogún ọdún gbáko ni ó tún gbà kí Harry Kesten tó fi hàn ní 1980 pé bí a bá kọjá ìdajì díẹ̀ báyìí, ó wà.

Lójú ààlà gẹ́lẹ́ ni àwọn ohun àrà ń ṣẹlẹ̀. Ní 2000, Oded Schramm mú ìrìn tí Wiener ṣàlàyé lórí ìlà, ó lò ó láti fa ìlà wíwọ́ lórí ilẹ̀, irú èyí tó ń pààlà láàárín omi àti ògiri nígbà tí àwọ̀n bá wẹ́ gan-an. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Stanislav Smirnov fi ẹ̀rí hàn pé nǹkan rí bẹ́ẹ̀ fún àwọ̀n onígun mẹ́ta. Iṣẹ́ irú èyí ló mú kí Wendelin Werner gba àmì ẹ̀yẹ Fields, ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣirò, ní 2006, Smirnov gbà á ní 2010, Hugo Duminil-Copin gbà á ní 2022. Schramm kò gbà á; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọjọ́ orí rẹ̀ fi kọjá ààlà tí wọ́n fi sí i. Ó ṣubú lórí òkè ní 2008, ó sì kú. Fún àwọ̀n onígun mẹ́rin tí Kesten ṣiṣẹ́ lé, ẹ̀rí irú ti Smirnov kò tíì sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbọ́ sẹ́mínà báyìí, ó lè ràn yín lọ́wọ́. N kì í gbìyànjú láti tẹ̀ lé gbogbo ìlà. Mo máa ń tẹ́tí sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀nà hàn, mo sì ń wá ohun méjì: kí ni kò gbára lé kí ni níhìn-ín, ibo sì ni ìgbáralé ti wọlé? Lẹ́yìn náà, mo máa ń ya àwọ̀n kékeré onígun mẹ́rin kan sí etí ìwé mi, mo sì ń dán ohun tí àlejò ń sọ wò lórí rẹ̀. Bí kò bá yé mi lórí àwọ̀n kékeré yẹn, mo máa ń nawọ́ sókè. Mo rò pé ìbéèrè kékeré ni àlejò ń fẹ́ jù. Mo ti rí i lójú wọn.

Ìbéèrè kékeré kan sì wà tí ẹ lè bi àlejò èyíkéyìí. Harris dáhùn rẹ̀ fún ilẹ̀ títẹ́jú: lójú ààlà gẹ́lẹ́, omi kò lọ títí. Takashi Hara àti Gordon Slade dáhùn rẹ̀ ní 1990 fún àyè oníhà púpọ̀ (ìlà ní ìhà kan, ilẹ̀ títẹ́jú ní méjì, òfuurufú ní mẹ́ta, ìṣirò sì lè fi kún un), wọ́n fà á wálẹ̀ dé ìhà mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn sì ti fà á wálẹ̀ dé mọ́kànlá. Ní àyè oníhà mẹ́ta, èyí tí òkúta àti ìbòjú awakùsà wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ti sọ fún wa pé ààlà náà wà ní nǹkan bí 0.2488. Gbogbo wa gbà pé lójú ààlà yẹn, omi kò lọ títí. Láti 1957 títí di òní, kò tíì sí ẹni tó rí ẹ̀rí rẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀ ná. Ẹ bi mí ní ìbéèrè.